Abẹ́rẹ́ Ṣáínà, ìfọ̀rọ̀wérọ̀, oògùn: èwo ni kí abiyamọ tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì mú ní ilẹ̀ Òkun?

Abẹ́rẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò ní oògùn nínú. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀, nítorí ní ilẹ̀ Òkun tiwa ní ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, bí èèyàn bá ti dárúkọ abẹ́rẹ́, sìríńjì ló ń wá sí wa lọ́kàn. Ti àwọn ará Ṣáínà yàtọ̀. Irin tín-ín-rín tí kò ní ihò ni, kò nípọn tó abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Wọ́n á fi gún ara láwọn ojúkò kan, bí àtàrí, ọrùn ọwọ́, abẹ́ orúnkún àti òkè ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 sí 40, wọ́n á sì yọ ọ́. Acupuncture lorúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí. Ó ti lé ní 2,000 ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é ní Ṣáínà.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí. Agbègbè Yàgbà ni mo ti gbẹ̀bí jù kí n tó fẹ̀yìntì, àwọn tí mo gbẹ̀bí ìyá wọn sì ti ń bímọ báyìí. Láàrin ọdún kan, èèyàn mẹ́ta ló fi ìbéèrè kan náà ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù: "Ìye, òkun o. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ Ṣáínà ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ. Ṣé kí n lọ?" ("Ìye" ni à ń pe ìyá ní Òkun, "òkun o" sì ni ìkíni wa.) Mopá ni ẹni tó béèrè gbẹ̀yìn ń gbé, ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ gùn ju ohun tí èèyàn lè tẹ̀ sórí WhatsApp lọ, ni mo ṣe jókòó kọ ọ́ síbí.

## Irú èwo ló ń ṣe é?

Ẹ má tíì yan ìtọ́jú kankan nígbà tí ẹ kò tíì mọ èyí. Nǹkan mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ìtọ́jú wọn kò sì jọra rárá.

Èkíní ni ẹkún ọjọ́ mélòó kan. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìbímọ. Ìyá ìkókó á máa sunkún láìnídìí, inú á bí i, á tún rẹ́rìn-ín, gbogbo rẹ̀ láàrin wákàtí kan. Ó ń ṣe ju ìdajì àwọn abiyamọ lọ, kì í sì í pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ń lọ. Oorun, oúnjẹ gbígbóná àti ẹni tó máa gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ló nílò.

Èkejì ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn gan-an. Òun ni ó kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ. Ó lè bẹ̀rẹ̀ látinú oyún, ó lè bẹ̀rẹ̀ nígbàkigbà láàrin ọdún àkọ́kọ́. Nǹkan kì í wù ú mọ́. Bí ọmọ bá tiẹ̀ sùn, òun ò rí oorun sùn. Ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ó gbà pé ìyá burúkú ni òun. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí a bá kó 100 abiyamọ jọ lágbàáyé, bí 13 nínú wọn ni àìsàn ọkàn máa ń mú, ìrẹ̀wẹ̀sì yìí ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀; ní orílẹ̀-èdè bíi tiwa, ó ń lọ sí 20. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàrin àwọn abiyamọ ní Iléṣà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005, rí i lára 14.6 nínú 100. Ìyẹn ni pé bí obìnrin méje bá gbé ọmọ wá gba àjẹsára láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn máa ru ẹrù yìí.

Ẹ̀kẹta ni àbísínwín. Òun nìkan ni èdè wa sọ lórúkọ, nítorí pé òun ló ń pariwo. Ó ń ṣe obìnrin kan tàbí méjì nínú 1,000 tó bímọ, ó sì sábà máa ń dé láàrin ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Kò ní sùn, kò sì ní rẹ̀ ẹ́. Yóò máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ó lè ní ọmọ náà kì í ṣe tòun, tàbí pé nǹkan mìíràn ló wà nínú ọmọ. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ pa ìwé yìí dé. Ilé ìwòsàn tó ní dókítà ni, lọ́jọ́ náà, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀ àti ọmọ ní gbogbo ìṣẹ́jú. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ Ṣáínà, kì í ṣe orí òkè àdúrà. Ẹ má so ó mọ́lẹ̀, ẹ má nà án.

Èyí tó wà láàrin, èyí tí kì í pariwo, òun ló ń dà wá láàmú jù, nítorí pé ọ̀nà tí àwọn obìnrin wa ń gbà sọ ọ́ kì í jọ ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́. Mo rántí ọ̀kan tí mo gbẹ̀bí rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ó gbé ọmọ wá gba àjẹsára. Ọmọ náà sanra, ara rẹ̀ ń dán. Mo yin ìyá rẹ̀ pé ọmú rẹ̀ dáa. Ó wolẹ̀, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, orí mi ń gbóná." Mo fún un ní parasitamọ́ọ̀. Ó padà wá lóṣù tó tẹ̀lé e: orí ṣì ń gbóná, àyà ń já, nǹkan kan ń rìn bí èèrà nínú orí. Mo tún fún un ní parasitamọ́ọ̀, mo fi oògùn ibà kún un. Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́jọ ni àbúrò rẹ̀ obìnrin tẹ̀lé e wá, tó sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n òun kì í gbé ọmọ mọ́ àfi bó bá fẹ́ fún un lọ́mú, àti pé lálẹ́ ọjọ́ kan ó bi òun léèrè ẹni tí yóò tọ́ ọmọ náà bí òun ò bá sí mọ́. Láti ọ̀sẹ̀ kẹfà ló ti ń sọ fún mi lédè tirẹ̀, n kò gbọ́. Ara rẹ̀ yá nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n oṣù wọ̀nyẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Nítorí náà, bí ó bá ti ń sọ orí gbígbóná àti àyà jíjá lẹ́yìn ìbímọ, ẹ bi í léèrè bí ọkàn rẹ̀ ti ṣe rí. Ìbéèrè mẹ́wàá kan wà tí àwọn dókítà ní Scotland gbé jáde ní 1987, tí wọ́n ń pè ní Edinburgh, èyí tí nọ́ọ̀sì lè kà sí obìnrin létí ní èdè tó gbọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin ọjọ́ méje sẹ́yìn ni wọ́n ń béèrè. Ìkẹwàá ni bóyá ó ti wá sí i lọ́kàn láti ṣe ara rẹ̀ léṣe. Bí ìdáhùn ìkẹwàá bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, bó ti wù kó kéré tó, dókítà ló kàn lọ́jọ́ náà.

Ẹ tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ dànù lára rẹ̀ níbi ìbímọ, tí kò sì ní ẹ̀jẹ̀ tó mọ́, yóò rẹ̀, yóò ṣú, yóò jọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ẹṣẹ́ ọrùn tó ń jẹ́ táírọ́ọ̀dù náà máa ń dàrú lẹ́yìn ìbímọ lára àwọn kan. Ti ẹ̀jẹ̀, yàrá àyẹ̀wò kékeré ní Ìsánlú tàbí Kàbà lè ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ kan.

## Abẹ́rẹ́ Ṣáínà: ohun tí a rí nínú rẹ̀

Àwọn tó ń ṣe é ní Ṣáínà sọ pé agbára kan ń ṣàn nínú ara gba ojú ọ̀nà tó ní orúkọ, pé bí ọ̀nà náà bá dí, àìsàn dé, pé abẹ́rẹ́ ló ń là á. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò rí ojú ọ̀nà náà nínú ara. Ohun tí wọ́n rí ni pé gígún náà ń ta iṣan ìmọ̀lára jí, àti pé ara a máa tú àwọn èròjà tó ń dín ìrora kù jáde.

Ṣé ó ń ṣe ìrẹ̀wẹ̀sì lóore? Ní 2018, àwọn onímọ̀ kan kó ìwádìí 64 jọ lábẹ́ àjọ Cochrane, tó máa ń yẹ ìwádìí ìlera wò, èèyàn 7,104 ló wà nínú wọn. Wọ́n rí i pé ẹni tó gba abẹ́rẹ́ yìí máa ń rọ̀ ju ẹni tí kò gba ìtọ́jú kankan tàbí tó gba ti ojoojúmọ́ lásán lọ. Wọ́n sì sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ọ̀pọ̀ ìwádìí náà kò lágbára, ẹ̀rí wọn kò dúró dáadáa. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gidi wé abẹ́rẹ́ àfarawé, ìyẹn èyí tí wọ́n gún síbi tí kò yẹ tàbí tí kò wọlé, ìyàtọ̀ àárín wọn máa ń kéré.

Ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ, nítorí pé àwọn obìnrin ni wọ́n fi ṣe é. Ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2010, wọ́n pín aboyún 150 tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú sọ́nà mẹ́ta. Apá kan gba abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún fún ìrẹ̀wẹ̀sì, apá kejì gba abẹ́rẹ́ tí kò jẹ mọ́ ọn, wọ́n kàn wọ́ apá kẹta lára ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe é. Nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì, 63 nínú 100 ló rọ̀ gan-an. Nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́ kejì, 37.5. Nínú àwọn tí wọ́n wọ́ lára, 50.

Ẹ tún ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn kà. Ìdajì àwọn tí wọ́n kàn wọ́ lára ló rọ̀. Ẹ rántí pé aboyún ni wọ́n, wọn kò tíì bí, nítorí náà a kò lè gbé èsì náà lérí ìyá ìkókó bí ẹni gbé ìkòkò lé ààrò. Àwọn ìwádìí tó wà lórí àwọn tó ti bímọ kéré níye, kéré lọ́jọ́, ohùn wọn kò sì ṣọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní àfikún. Mo gbà pé ó lè mú oorun wá, mo gbà pé ó lè mú ara rọ̀. N kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi í dípò ìtọ́jú tó ní ẹ̀rí.

Ewu rẹ̀ kò pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n: ojú abẹ́rẹ́ lè ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó lè dúdú, òòyì lè kọ́ ni. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀, kí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún ní àyà dé ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ní tiwa ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n lò fún ẹlòmíràn. Hepatitis B tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ àti éèdì ń bá abẹ́rẹ́ kiri, ìyá sì lè kó o ran ọmọ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá, tàbí tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ó bi dókítà rẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀. Ní ti ọmú, kò sí oògùn tó wọ ara, kò sí ohun tó máa dé inú wàrà. Ibí ni abẹ́rẹ́ Ṣáínà ti dára ju oògùn lọ.

## Ìfọ̀rọ̀wérọ̀: èyí tí a máa ń fojú tín-ín-rín

Bí mo bá sọ pé ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ ìtọ́jú, àwọn ọkọ á wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ tàn wọ́n jẹ. "Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà la ń bá a sọ láti àárọ̀?" Rárá o. "Ṣe ọkàn gírí, ṣé ìwọ lo kọ́kọ́ bímọ ni?" kì í ṣe ìtọ́jú. Ìyẹn gan-an ló ń dá kún un.

Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí mò ń wí ní ètò. Ẹni tí wọ́n kọ́ ni yóò jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, yóò gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà ni wọn yóò jọ wo èrò tó ń yí ká lórí rẹ̀: "ọmọ mi ń sunkún nítorí pé n kò mọ ọmọ tọ́." Wọ́n á jọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni. Wọ́n á mú ohun kékeré kan tó lè ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó yí padà: kí ó rìn dé ojúde, kí ó jẹun lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó sọ fún ìyá ọkọ ohun tó fẹ́ gan-an.

Ní àwọn abúlé kan ní Pakistan, wọ́n kọ́ àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera abúlé, tí wọn kì í ṣe dókítà tí wọn kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì, láti máa ṣe èyí nílé àwọn abiyamọ. Èsì rẹ̀ jáde ní 2008. Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́fà, 23 nínú 100 àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ báyìí ni ìrẹ̀wẹ̀sì ṣì wà lára wọn. Nínú àwọn tí wọ́n kàn ń bẹ̀ wò lásán, 53. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ìlànà náà di ìwé tí ẹnikẹ́ni lè lò. Nílé níbí, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn ti dán irú rẹ̀ wò ní àwọn ilé ìlera alábọ́ọ́dé, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n kọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà ló sì rọ̀. Bí Mopá, Ìyàrà àti Odò-Ẹrẹ̀ ti rí ni ibi tí wọ́n ti ṣe é rí: hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, bẹ́ǹṣì, nọ́ọ̀sì kan tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Àwọn tó ń béèrè èwo ló dáa jù nínú abẹ́rẹ́ àti ọ̀rọ̀ ní ìdáhùn kan láti York ní Ìlú Ọba, 2013. Èèyàn 755 tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú, àtọkùnrin àtobìnrin, ni wọ́n pín: àwọn kan gba abẹ́rẹ́, àwọn kan gba ìfọ̀rọ̀wérọ̀, àwọn yòókù ń bá ìtọ́jú tí wọ́n ti ń gbà lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ àti àwọn tó gba ìfọ̀rọ̀wérọ̀ rọ̀ ju àwọn tó kù lọ, ṣùgbọ́n nínú àwọn méjèèjì, ọ̀kan kò ju èkejì lọ. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n. Bí méjèèjì bá ń ṣe ìwọ̀n iṣẹ́ kan náà, tí ọ̀kan wà ní òpópónà kejì sí ilé rẹ, tí èkejì wà ní Àbújá, mo rò pé ìbéèrè náà ti ń dáhùn ara rẹ̀.

## Oògùn dókítà

Bí ìrẹ̀wẹ̀sì bá le, tí kò jẹun, tí kò dìde, tí ikú ń wá sí i lọ́kàn, oògùn ló yẹ kó ṣíwájú, kí ọ̀rọ̀ tẹ̀lé e. Èyí tí àwọn dókítà sábà ń yàn fún ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú ni sertraline, nítorí pé ohun tó ń dé inú wàrà kéré gan-an. Nítorí náà, ẹ má gba ọmọ lẹ́nu ọmú láìbi dókítà. Kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà: ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ìyàtọ̀ tó hàn. Èébì, orí fífọ́ tàbí àìróorun lè wà ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni yóò rọlẹ̀. Bí ara bá ti yá, yóò ṣì máa lò ó fún oṣù mélòó kan sí i. Ẹni tó bá dá a dúró lójijì á mọ̀ ọ́n lára. Bí ẹnìkan nínú ẹbí bá ti ní àbísínwín rí, tàbí àìsàn tí ń gbé ọkàn èèyàn sókè ju bó ṣe yẹ lọ kó tún jù ú sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kí ó tó kọ oògùn, nítorí pé oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan lè da irú ẹni bẹ́ẹ̀ rú. Ẹ má rà á ní kẹ́míìsì fúnra yín.

## Ẹ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Abẹ́rẹ́ Ṣáínà | Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ | Oògùn |
|---|---|---|---|
| Ẹni tó yẹ | Ìrẹ̀wẹ̀sì díẹ̀ tàbí ìwọ̀nba, pẹ̀lú ìtọ́jú mìíràn | Díẹ̀ tàbí ìwọ̀nba. Pẹ̀lú oògùn bó bá le | Ìwọ̀nba tàbí líle |
| Lílọ | Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, bí oṣù méjì sí mẹ́ta | Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bí oṣù méjì sí mẹ́ta | Lílò lójoojúmọ́, ìbẹ̀wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan |
| Ọmú | Kò kàn án | Kò kàn án | Kí dókítà yan èyí tó bá a mu |
| Ewu | Abẹ́rẹ́ tí kò mọ́, ọwọ́ tí kò mọṣẹ́ | Ẹni tí kò lè pa àṣírí mọ́ | Àìbalẹ̀ ara níbẹ̀rẹ̀, ìdádúró òjijì |
| Ibi tó wà | Ìlú ńlá | Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, bí ẹni tí wọ́n kọ́ bá wà. Ilé ìwòsàn | Ilé ìwòsàn |

Ti àṣírí yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ìlú wa, gbogbo èèyàn ló mọ ara wọn. Obìnrin lè kọ̀ láti bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ nítorí pé nọ́ọ̀sì náà àti ìyá ọkọ rẹ̀ jọ wà ní ẹgbẹ́ kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó lọ sí ìlú kejì. Láti Ìsánlú, àwọn kan máa ń lọ sí ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀. Àwọn ará Ìjùmú àti Búnú ń lọ sí Kàbà. Fún dókítà ọpọlọ, Lọ́kọ́jà ni tàbí Ìlọrin, èyí tó bá sún mọ́ yín.

## Ọ̀nà náà wà nínú ìtọ́jú

Àbúrò mi kan bímọ ní Àbújá. Ìrẹ̀wẹ̀sì mú un, dókítà fún un ní sertraline, ó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó sì fi abẹ́rẹ́ Ṣáínà kún un. Ìṣẹ́jú 15 ló wà láàrin ilé rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ó sọ fún mi pé lẹ́yìn ìgbà kẹta ni òun kọ́kọ́ sùn wákàtí mẹ́rin gbáko. Mo bi í léèrè bí ibẹ̀ ṣe rí. Ó ní, "Ìye, yàrá náà dákẹ́. Ẹni tó ń ṣe é á bi mí bí mo ṣe sùn, bí mo ṣe jẹun, á sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú 30, kò sẹ́ni tó máa gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́." Èmi kò mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ìdákẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ràn án lọ́wọ́, mo sì dúpẹ́.

Ẹ wá gbé e wá sí Mopá. Láti ibẹ̀ dé Àbújá, gba Kàbà, Ọbajànà àti Lọ́kọ́jà, ó ju 250 kìlómítà lọ. Lílọ-bíbọ̀, 500. Bí ó bá jẹ́ ìgbà 12, ó ti di 6,000 kìlómítà, pẹ̀lú ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lẹ́yìn, ojú ọ̀nà tí à ń gbàdúrà kí á tó bọ́ sí, owó ọkọ̀, àti alẹ́ tí yóò sùn nílé oní-nílé. Obìnrin tí àìsàn rẹ̀ jẹ́ àìsùn àti àárẹ̀ ni a ń rán ní irú ìrìn-àjò yìí. Ohun tí abẹ́rẹ́ bá fún un ní Àbújá, ọ̀nà á gbà á padà kí ó tó dé Kàbà.

Nítorí náà ni mo ṣe ń wí pé: bí ẹ bá ń gbé Àbújá, Ìbàdàn tàbí Èkó, tí owó wà, tí ẹ sì ti ń gba ìtọ́jú gidi, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ náà. Bí ẹ bá wà nílé, ẹ má tìtorí rẹ̀ ta isu tí ẹ fẹ́ gbìn.

## Ohun tó wà nílé tẹ́lẹ̀

Ìdajì tí wíwọ́ra mú rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé àwọn ìyá wa ń wọ́ ìyá ìkókó lára láti ayébáyé. Omi gbígbóná àti aṣọ ìnura sí ikùn, òróró sí ẹ̀yìn, ẹ̀kọ gbígbóná lówùúrọ̀. Ohun tó ti bàjẹ́ nínú rẹ̀ ni pé ọmọ ni gbogbo ilé ń wẹ̀ báyìí, wọ́n ti gbàgbé ìyá. Tàbí kí wọ́n tẹ ikùn rẹ̀ pẹ̀lú agbára títí yóò fi ké. Kí omi má jó o, kí ọwọ́ má le, ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ bí ọmọ rẹ̀ kí wọ́n má fọwọ́ kan ojú egbò náà. Kí ẹ sì ṣe é ní ìdákẹ́jẹ́, láìsọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lé e lórí.

Kí ẹnìkan gba ọmọ fún wákàtí méjì lójoojúmọ́. Mo mọ̀ pé bó bá jẹ́ àsìkò kájú, gbogbo ọwọ́ ló ń ṣà lóko, ìyá ìkókó náà á sì fẹ́ lọ. Kí ó má lọ.

Àdúrà: bí ó bá ń tù ú nínú, kí wọ́n bá a gbà á, nílé, láìní ààwẹ̀. Ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú, tí kò lè jẹun, kò yẹ kó gbààwẹ̀. Àgbo: bí ó bá ń lo oògùn dókítà, kí ó sọ gbogbo ohun tó ń mu fún dókítà. Gbẹ́rẹ́ sínsín kì í ṣe abẹ́rẹ́ Ṣáínà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń fi wọ́n wé ara wọn. Abẹ tó kiri láti ara ẹnìkan sí ara ẹnìkejì ló yẹ kí a bẹ̀rù níbẹ̀.

## Bí ẹ bá fẹ́ lọ gba abẹ́rẹ́ náà

Ẹ kọ́kọ́ pè é lórí fóònù. Ẹ bi í bóyá orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, nítorí pé àwọn náà ló ń forúkọ oní-acupuncture sílẹ̀. Ẹ bi í bóyá abẹ́rẹ́ àlòdànù ló ń lò, kí ó sì já páálí rẹ̀ níwájú yín. Ẹ sọ fún un pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ sì sọ oògùn tí ẹ ń lò. Bí ó bá ní kí ẹ dá oògùn dókítà dúró, ẹ dìde. Bí ó bá ṣèlérí pé ìgbà kan ṣoṣo ló máa wò ó tán, ẹ dìde. Bí ẹ bá sì ti gbà á ní ìgbà mẹ́fà tí oorun kò dáa sí i, tí ọkàn kò fúyẹ́ sí i, ẹ fi owó yòókù ṣe nǹkan mìíràn.

Ọmọ Mopá tó béèrè lọ́wọ́ mi, ọkọ rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì tí a sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀, wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì kọ sertraline fún un. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé. Ọjọ́bọ̀ ni ó ń rìn lọ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, kì í ṣe ti ìlú rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń gba ọmọ láti aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán, ó sì máa ń ti ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má pè é. Ó sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwọn ń lọ ṣe ìgbéyàwó kan ní Àbújá ní oṣù Kejìlá, pé òun ṣì fẹ́ gba abẹ́rẹ́ Ṣáínà náà wò bí àwọn bá débẹ̀. Mo ní kó lọ. Mo ní kó rí i pé wọ́n já páálí náà lójú rẹ̀.